Orúnkún Tó Dá Wú, Ara Tí Kò Gbóná

Imeke, Badagry.
Ọjọ́ Sátidé, lọ́sàn-án.

Mautin, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn sọdá omi Topo,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá o jí dáadáa, torí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ láàárọ̀ yìí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé o ò jí dáadáa. Bámidélé yà kí mi bó ṣe ń gbé sìmẹ́ǹtì lọ sí ẹnubodè. Ó gbé iṣu tó o fi rán an sílẹ̀, ó mu omi, a tàkúrọ̀sọ, a rẹ́rìn-ín. Ó ní o ti sanra. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti yọ roboto, pé gbogbo àdúgbò yín l'Abẹ́òkúta ló ń yìn ín pé ó mọ ìyàwó tọ́jú. Mo kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ti gun orí ọkọ̀, tó ti ṣíná sí i, ló wá yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Mà, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣàníyàn, ara rẹ̀ ò gbóná rárá." Kí n tó la ẹnu, ọkọ̀ ti lọ.

Mo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ìyá Sikírù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bi mí pé ta ló kú. Ara rẹ̀ ò gbóná. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ lórí mi nígbà tí mò ń kú lọ.

Ọkọ rẹ ní òun á tún gba ibí kọjá nírọ̀lẹ́. Kó tó dé, mo ní kí n jókòó kọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọ ṣáájú ìgbéyàwó, nígbà tí mò ń fi ẹnu mi ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ lójú ìwé, o mọ irú ìka tí mo ní. Fara balẹ̀ kà á. Mo mọ̀ ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn lo máa ń fò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí kò sì lè rìn dé ọjà, bírò ni yóò fi kígbe.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o ò mọ̀. O rò pé làkúrègbé ló gan orúnkún òsì mi yìí. Gbogbo ayé ló rò bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì tako wọ́n, torí ìtàn tòótọ́ ń dójú tì mí. Kì í ṣe làkúrègbé.

Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà ńlá tó gba Badagry kọjá, gbogbo ènìyàn ló ń ra fáànù, títí kan àwọn tí kò ní iná mànàmáná. A ń gbé Topo lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ, Ìyá Topo, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ìwọ náà sunkún lẹ́bàá sàréè wọn. Òróró àgbọn ni mò ń ṣe. Ẹni tó ń rin àgbọn, tó ń fún omi rẹ̀, tó ń gbé ìkòkò kaná, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jí, ọwọ́ méjèèjì ti gan. Mi ò lè so ìró mọ́ ara mi. Mo ní bóyá mo sùn lé wọn ni. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀. Títí oòrùn á fi yọ dáadáa, ìka mi ò ní gba àṣẹ lẹ́nu mi.

Bàbá rẹ gbé mi lọ sí ọsibítù kan l'Ékòó. Dókítà ní làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti arúgbó tí iṣẹ́ àti ọjọ́ orí ń fà. Ó ní àwọn ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀ mi, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àìsàn, ló yíjú padà tí wọ́n ń na onílé. Ó fún mi ní hóró oògùn funfun kékeré kan tó korò bí ewúro. Ó ní kí n máa lo díẹ̀, kí n sì máa padà wá fún àyẹ̀wò. O mọ oògùn náà. Òun náà ni wọ́n kọ fún ọ nígbà tí àìsàn yìí ti ara mi bọ́ sára rẹ.

Mautin, oògùn yẹn ṣiṣẹ́ bí idán. Mo so ìró mi fúnra mi, mo rin àgbọn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, mo sì tún lọ kí àwọn ará ìlú Apa. Mo wá rò pé mo gbọ́n ju dókítà lọ. Mi ò padà sí Èkó mọ́. Àwọn obìnrin tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ ń kó oògùn náà bọ̀ láti òdìkejì ẹnubodè, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé dókítà. Náírà wa lẹ́nu nígbà yẹn, mò ń rà á bí ẹni ra gúgúrú. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo fi kún un. Ọjọ́ tí òjò bá ṣú, mo fi kún un. Ọjọ́ tí n ó bá lọ jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún fi kún un.

Ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ojú mi rí roboto bí ọsàn. Àwọn ará Topo ní owó epo ti dé ara ìyàwó yìí. Inú Ìyá Topo dùn dé ibi pé wọ́n ń pe àlejò wá wò mí, wọ́n ní, ẹ wò ó, ìyàwó wa ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo wọ léèsì, mo lọ ya fọ́tò. Òun ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa títí di òní, èyí tó o máa ń sọ pé mo rẹwà níbẹ̀. Oògùn ló mú ojú mi wú, ọmọ mi. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹwà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi kú mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo ronú padà sí ohun tí Bámidélé sọ nípa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ.

Lẹ́yìn náà ni àfọ́kù èèpo àgbọn gé mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣe gbogbo obìnrin Topo ni. A ó da òróró díẹ̀ sí i, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ti èmi kọ̀, kò jiná. Kò ro mí púpọ̀, ó kàn wà bẹ́ẹ̀ tó ń sun omi. Nígbà tó yá, orúnkún òsì mi wú, ó ń dán, mi ò lè fi tẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò so ó mọ́ ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé mo ní làkúrègbé. Làkúrègbé kì í sì í ṣe àlejò lórúnkún.

O mọ ohun tí Ìyá Topo máa ń ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn. Wọ́n á mú un lọ sétí òkun nígbà tí oòrùn bá mú yanrìn gbóná, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á fi yanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé itan kó lè fa ìrora jáde. Mi ò pè é ní ohun burúkú. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ arúgbó lóore. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wà lẹ́sẹ̀ tèmi, yanrìn sì ń wọ ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó bò mí, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, wọ́n á kan iwájú orí mi. Ó tutù. Wọ́n á ní Mawu Ọlọ́run ṣeun, ara rẹ̀ ò gbóná rárá, làkúrègbé lásán ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn mí, lójoojúmọ́ ni gbogbo ilé ń dúpẹ́. Èmi náà ń dúpẹ́.

Oúnjẹ kọ̀ mí. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Nínú yanrìn tó ń jó àwọn tó dúró tì mí lẹ́sẹ̀, eyín mi ń gbá ara wọn. Lọ́jọ́ kan o gbé omi wá fún mi, o kéré nígbà náà. Mo wò ọ́, mo wò ọ́, mo wá bi bàbá rẹ pé ọmọ ta nìyí. Bàbá rẹ tó o mọ̀ pé kì í yára ṣe ohunkóhun ló gbé mi jù sínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹrù, tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Badagry bí ẹni tí ẹ̀mí àìrí ń lé.

Dókítà tó gbà mí ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn mi. Orúnkún ló kọ́kọ́ kàn. Ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní oògùn wo ni obìnrin yìí ń lò. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ó ki abẹ́rẹ́ ńlá bọ orúnkún náà. Bàbá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni òun ń retí. Ọyún ló jáde, ó ki bí ògì. Bàbá rẹ ní ilẹ̀ ni òun jókòó sí, nínú ṣòkòtò funfun.

Dókítà wá sọ fún wọn pé, "Ẹ gbọ́, sà. Ibà ni igbe tí ara ń ké nígbà tí olè bá wọlé. Oògùn tí ìyàwó yín ń bù jẹ yìí ti kun àwọn ọlọ́dẹ lóorun, ó sì ti di ara lẹ́nu. Olè ti ń kó ẹrù láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin sì ń dúpẹ́ pé ilé pa rọ́rọ́."

Ó ní ojú ọgbẹ́ ni kòkòrò gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó lọ jókòó sí oríkèé tí làkúrègbé ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi ti lanu tipẹ́. Ó ní àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti sọ àwa tó ní in di ẹni tí kòkòrò ń tètè borí, kí oògùn tó wá fi tirẹ̀ kún un. Ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i, wọn ì bá ti máa fi olóògbé síwájú orúkọ mi. Wọ́n la orúnkún náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí ìdí mi fi le bí pákó. Mo jáde láàyè, ṣùgbọ́n orúnkún náà ò tẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ tó o fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ nígbà tó o wà lọ́mọdé nìyẹn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Gba ọgbọ́n tí mo fi orúnkún rà yìí, Àdùkẹ́ mi.

Èkíní. Làkúrègbé tiwa yìí, méjì méjì ló sábà máa ń rìn. Bó bá mú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, á mú ti òsì. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó wú, tó gbóná, tó ń dùn ju àwọn ìyókù lọ, má bá mi pè é ní làkúrègbé. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi ibẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ làkúrègbé náà ni, ẹ ó bú mi pé ìyá arúgbó ń já yín láyà, ẹ ó sì wálé wá jẹun. Mo gba èébú yẹn.

Èkejì. Má fi ara tútù dúpẹ́ mọ́ láyé rẹ. Ẹlòmíràn lè fọwọ́ kan ọrùn kó mọ̀ bóyá òun yá. Ìwọ ò lè ṣe é. Ohun tí wàá máa wò ni pé ṣé ó ń rẹ̀ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé òtútù ń mú ọ, ṣé oúnjẹ kọ̀ ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ ọ lẹ́nu. Bí ibà bá sì wá fi ara hàn, bó ti wù kó kéré tó, má jókòó máa mu àgbo.

Ẹ̀kẹta ni oògùn, ibí sì ni mo ti bínú sí ọ. Bámidélé tú àṣírí rẹ láìmọ̀. Ó ní ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ jí nínú ilé, pé o ti gbá gbogbo àgbàlá ìyá ọkọ rẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu. Ìwọ? Ìwọ tí mò ń bá di bọ́tìnnì láàárọ̀ kó o tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé? Mo mọ ohun tó ń jí ọ. O ń fi kún hóró oògùn kí wọ́n má baà ní aláìsàn ni ọmọ wọn gbé wálé. Mautin, ta ló rán ọ? Àgbàlá tí o ò bá gbá lónìí, ewúrẹ́ á kàn rìn lórí ìdọ̀tí rẹ̀ ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé ọwọ́ rẹ kì í yá láàárọ̀, pé ìrọ̀lẹ́ ni wàá máa gbálẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ, wọ́n á gbà. Bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n wá bá mi ní Imeke, mo ṣì lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n má torí ìpayà mi kó gbogbo oògùn náà dà sí ṣáláńgá o. Ara tó ti bá a mọ́ra, bí o bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè dá ọ wó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bá mi dín tèmi kù ní ọsibítù. Dókítà tó mọ̀ ọ́ ni kó ṣe é. Ibikíbi tó o bá sì dé fún ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ eyín lo fẹ́ yọ, oògùn yẹn ni kó o kọ́kọ́ dárúkọ. Má dúró kí wọ́n bi ọ́.

Mi ò ka iye mọ́. Ọgbẹ́: kò sí ọgbẹ́ kékeré fún ìwọ àti èmi. Fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, fi aṣọ tó mọ́ dì í, má wọ inú àgbàrá, má rìn láìwọ bàtà. Bó bá kọ̀ tí kò jiná, lọ fi han nọ́ọ̀sì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí ọ lórúnkún, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wá. Ikọ́: àwọn ọmọ kíláàsì rẹ á máa wú u sí ọ lójú, mo mọ̀, iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Ṣí fèrèsé. Ikọ́ tó bá pẹ́ lọ́rùn rẹ, má sọ pé ọyẹ́ ló fà á. Bí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, sọ ọ́, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àìsàn ló ṣe é wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe.

Kí Bámidélé náà mọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ kàn ṣáájú ojú rẹ̀ ni. Ohun tó rí lọ́dọ̀ rẹ ló gbé wá sọ fún mi bí ìròyìn ayọ̀, kò mọ̀ pé iná ló gbé dání. Mi ò sì lè bá a wí, torí èmi ìyá rẹ ni mi ò sọ fún un. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ àìsàn náà dáadáa, wọn ò ní fẹ́ ọ mọ́. Ìyẹn náà

Fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ yẹn. Dúró.

Mo ti padà jókòó. Mo bi í bóyá ọgbẹ́ wà lára rẹ. Ó ní rárá, àfi eéwo kan tó sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ tó o tẹ̀ fúnra rẹ. Mo bi í pé báwo lo ṣe wà nígbà tó ń kúrò nílé. Ó ronú díẹ̀. Ó ní o gbé àga sínú oòrùn, o da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Ó ní o rán òun níṣẹ́ kan tí òun gbàgbé láàárọ̀, pé kí òun bá ọ kí Ìyá Topo, kí òun sọ fún wọn pé o ń bọ̀ wá gbin ẹsẹ̀ sí yanrìn. Ó rò pé èmi lẹ̀ ń pè ní Ìyá Topo.

Mautin, wọ́n ti kú. Ìwọ náà sì mọ̀.

Mo ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ lérí. Mo ní kì í ṣe ọwọ́ ló yẹ kó gbé, èmi ni. Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ lẹ́yìn odò pé kí wọ́n má wá mi lálẹ́. Bámidélé àti Ìyá Sikírù ló tì mí gun orí ọkọ̀ náà, orúnkún gígan mi nà síwájú bí igi ìdáná, èérún sìmẹ́ǹtì bò mí lára. Ìwé yìí wà lórí itan mi bó ṣe ń da omi sí ọkọ̀. A ò ní dúró níbì kankan. Ilé yín la ó yà sí, a ó gbé ọ, a ó gbé ọ lọ sí ọsibítù, bí o fẹ́, bí o kọ̀, n ó sì sọ fún dókítà kó máà wulẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ.

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ lẹ́tà yìí, èmi náà ni mo sì ń gbé e bọ̀. Mi ò ní fún ọ ní ìwé náà lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n bá ti fa ohun tó wà lórúnkún rẹ jáde, tó o jí, tó o wò mí, tó o pe orúkọ mi láìṣì í pè, ìgbà yẹn ni n ó fi lé ọ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ gbé e padà wá sí Imeke. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, kà á.